Láti Oúnjẹ Ọ̀fẹ́ sí Òógùn Ojú: Ìrànwọ́ fún Ogúnléndé àti Ọ̀nà Tí Wọ́n Fi Ń Gbọ́ Bùkátà Ara Wọn

Ọ̀nà méjì ni ìrànwọ́ fún ogúnléndé pín sí. Àkọ́kọ́ ni èyí tó ń dá ẹ̀mí sí: oúnjẹ, omi, oògùn, aṣọ ìbora àti tapólì tí wọ́n fi ń pa àtíbàbà. Wàràwàrà ni wọ́n ń fẹ́ irú èyí, nítorí ẹni tó pọn ọmọ sẹ́yìn tó sì fẹsẹ̀ rìn sọdá ààlà kì í ní ju ohun tó wà lọ́rùn rẹ̀ lọ. Ọ̀nà kejì ni èyí tó ń mú kí ẹni náà padà máa ṣiṣẹ́ jẹun: ilẹ̀ oko, irúgbìn, owó òwò, iṣẹ́ ọwọ́, àti òfin tó gbà á láyè láti ṣe wọ́n. Ó pẹ́ kí àwọn àjọ aláàánú tó ka ọ̀nà kejì yìí sí ojúṣe wọn. Ohun tó fà á ni èrò pé ogun kì í pẹ́ tán, pé kò ní pẹ́ tí oníkálukú yóò fi padà sílé.

Ilé ò tètè ṣeé padà sí. Ìṣirò UNHCR, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ogúnléndé, fi hàn pé nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ogúnléndé ayé ló wà lára àwọn tí ìlú wọn ti tú ká fún ọdún 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibùdó Nakivale ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Ùgáńdà ti wà láti ìparí àwọn ọdún 1950, nígbà tí àwọn ọmọ Rwanda ń sá fún rògbòdìyàn ìlú wọn. Wọn kò tíì tì í pa títí di òní. Àwọn ọmọ Kóńgò, Bùrúńdì, Sòmálíà àti Rwanda ló kún ibẹ̀, àwọn mìíràn tí wọ́n bí síbẹ̀ sì ti ń tọ́ ọmọ tiwọn. Àpò àgbàdo oṣooṣù kò lè tó ẹni tó máa lo ìdajì ayé rẹ̀ báyìí.

Òfin ni nǹkan àkọ́kọ́ tó ń pinnu bóyá ogúnléndé yóò lè dá dúró. Àdéhùn Geneva ti ọdún 1951 fún ogúnléndé ní ẹ̀tọ́ láti ṣiṣẹ́ gba owó, láti dá òwò sílẹ̀, àti láti rìn láti ibì kan sí ibòmíràn nínú orílẹ̀-èdè tó gbà á. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ṣe ní 1969 fẹ ìtumọ̀ ogúnléndé sí i, kí ó lè kan ẹni tí ogun tàbí ìdàrúdàpọ̀ lé kúrò nílùú. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ìjọba tó fọwọ́ sí ìwé wọ̀nyí kò jẹ́ kí ẹ̀tọ́ náà tẹ àwọn tó ni ín lọ́wọ́. Ní Kẹ́ńyà, láti ìgbà tí àgọ́ Dadaab ti bẹ̀rẹ̀ ní 1991, tí Kakuma sì tẹ̀ lé e ní 1992, ogúnléndé tó bá fẹ́ jáde kúrò nínú àgọ́ ní láti gba ìwé àṣẹ. Ẹni tó mọ iṣẹ́ bíríkìlà kò lè wá iṣẹ́ lọ sí Nairobi. Olùkọ́ tó ní ìwé ẹ̀rí ń kọ́ ọmọ nínú àgọ́, owó ìṣírí táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n sì ń san fún un dípò owó oṣù. Kì í ṣe ọ̀lẹ ló mú kí irú àwọn bẹ́ẹ̀ máa gbọ́jú lé ìrànwọ́. Òfin ló so wọ́n lọ́wọ́.

Ùgáńdà gba ọ̀nà mìíràn, ọ̀nà náà sì ní ìtàn. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, nǹkan bí 7,000 ọmọ Poland ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó wá sí Koja àti Nyabyeya ní Ùgáńdà, wọ́n dáko níbẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n kọ́ sí Nyabyeya ṣì wà lóòró. Lẹ́yìn tí ìjọba Idi Amin wó ní 1979, ó kan àwọn ará West Nile, ní àríwá ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè náà, láti sá lọ sí Sudan àti Zaire. Ọ̀pọ̀ nínú wọn lo ọdún mélòó kan lórí ilẹ̀ onílẹ̀ kí wọ́n tó lè padà wálé. Nígbà tó wá kan àwọn ará Sudan láti sá bọ̀, àwọn àgbà West Nile kò gbàgbé ẹni tó gbà wọ́n sílé.

Ní 1999, ìjọba Ùgáńdà àti UNHCR gbé ètò kan kalẹ̀ fún àwọn àgbègbè tí àwọn ọmọ Sudan wà, pé kí ogúnléndé máa gbọ́ bùkátà ara wọn, kí ilé ìwé àti ilé ìwòsàn tiwọn sì di ọ̀kan náà pẹ̀lú ti ọmọ onílẹ̀. Òfin ọdún 2006 ló wá rọ́pò òfin àtijọ́ ti 1960, èyí tó ka ogúnléndé sí àjèjì tí a gbọ́dọ̀ máa ṣọ́. Òfin tuntun náà jẹ́ kí wọ́n lè ṣiṣẹ́, kí wọ́n rìn káàkiri orílẹ̀-èdè, kí wọ́n dá òwò sílẹ̀, kí wọ́n sì lo ilẹ̀ tí ìjọba bá fún wọn. Wọ́n lè dáko sórí ilẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n wọn kò lè tà á. Lónìí, ogúnléndé tó wà ní Ùgáńdà ju mílíọ̀nù 1.5 lọ, kò sí orílẹ̀-èdè Áfíríkà mìíràn tó gba tó bẹ́ẹ̀.

Ibùdó Bidi Bidi, ní agbègbè Yumbe, ni a ti lè wo ètò yìí fínnífínní. Ní oṣù Keje 2016, ìjà tún bẹ́ sílẹ̀ ní Juba, olú ìlú Gúúsù Sudan, àwọn ènìyàn sì ń wọ Ùgáńdà ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún lójúmọ́. Inú oṣù Kẹjọ ni wọ́n ṣí Bidi Bidi, nínú igbó tí ẹnikẹ́ni kò fi bẹ́ẹ̀ gbé. Kí ọdún náà tó parí, àwọn tó wà níbẹ̀ ti lé ní 270,000, ibùdó náà sì tẹ́ lọ ní nǹkan bí 250 kìlómítà níbùú lóròó. Ìjọba kọ́ ló ni ilẹ̀ náà. Ilẹ̀ ìdílé àti ilẹ̀ ìlú ni, àwọn àgbà ló yọ̀ǹda rẹ̀ láìgba owó ilẹ̀, ohun tí wọ́n sì ń retí ni ọ̀nà mọ́tò, omi, ilé ìwé àti ilé ìwòsàn. Nítorí náà ni ìlànà Ùgáńdà fi sọ pé ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ìrànwọ́ tó bá wọlé gbọ́dọ̀ jẹ́ ti àwọn ọmọ onílẹ̀. Bí wọ́n bá gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, ará abúlé yóò pọn níbẹ̀. Bí wọ́n bá kọ́ kíláàsì, ọmọ Yumbe àti ọmọ Juba yóò jọ jókòó sí bẹ́ǹṣì kan. Ìlànà yìí ló yẹ kí gbogbo ètò ìrànwọ́ fi ṣe àwòkọ́ṣe, nítorí abúlé tó gba àlejò sábà máa ń tòṣì gẹ́gẹ́ bí àlejò náà. Bí ọkọ̀ oúnjẹ bá ń kọjá lójú olóko tí ebi ń pa lọ sọ́dọ̀ àjèjì nìkan, ìjà ni yóò bí.

Ìjà kan wà tí ìlànà náà kò lè parí, ìyẹn ti igi. Igi ni gbogbo ènìyàn fi ń dáná, igi ni wọ́n fi ń kọ́lé. Nígbà tí 270,000 ènìyàn bá dé sínú igbó kan láàárín oṣù díẹ̀, igbó náà kò ní pẹ́ di pápá. Àwọn obìnrin tó ń lọ ṣẹ́gi wá ń rìn jìnnà sí i, wọ́n ń bá àwọn onílẹ̀ pàdé lọ́nà, ọ̀rọ̀ sì máa ń bẹ́ sílẹ̀. Àdògán amọ̀ tí kì í jẹ igi púpọ̀ àti gbíngbin igi tuntun ti ń dín wàhálà náà kù, àmọ́ igi tí a gbìn lónìí yóò gba ọdún púpọ̀ kó tó ṣeé gé.

Ilẹ̀ gan-an ni ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù. Ní Bidi Bidi, ilẹ̀ tí wọ́n ń wọ̀n fún ìdílé kan jẹ́ 30 mítà lóròó, 30 mítà níbùú. Mítà 900 níbùú lóròó nìyẹn. Ẹni tó bá mọ pílọ́ọ̀tì ilé tí wọ́n ń tà l'Ékòó, ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120, yóò mọ̀ pé ilẹ̀ náà kò tó pílọ́ọ̀tì kan àti ààbọ̀. Orí rẹ̀ ni ilé yóò wà, orí rẹ̀ ni ilé ìdáná àti ṣáláńgá yóò wà, èyí tó bá ṣẹ́kù ni oko. Ilá, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ lè hù níbẹ̀ dáadáa tí òjò bá rọ̀, ó sì tó láti fi se ọbẹ̀. Ọkà bàbà, ẹ̀pà, yánmọtí àti ẹ̀gẹ́ tó lè bọ́ ènìyàn márùn-ún yípo ọdún kò lè ti orí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ wá, pàápàá níbi tí òkúta ti pọ̀. Àwọn tó ń rí oko dá níbẹ̀ ni àwọn tó bá ọmọ onílẹ̀ ṣe àdéhùn, yálà kí wọ́n san owó ilẹ̀ tàbí kí wọ́n pín irè oko. Ẹnu lásán ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, onílẹ̀ sì lè gba ilẹ̀ rẹ̀ padà nígbà tí ogúnléndé ti ṣán igbó tán. Bí àjọ kan bá fẹ́ ran àgbẹ̀ lọ́wọ́, kí ó tó pín irúgbìn, kí ó kọ́kọ́ jókòó pẹ̀lú onílẹ̀ àti ẹni tó fẹ́ yá ilẹ̀, kí àdéhùn wọn di kíkọ sílẹ̀ lójú ẹlẹ́rìí. Owó kékeré ni yóò ná àjọ náà, ó sì lè wúlò ju àpò irúgbìn lọ.

Ìtàn Tanzania fi hàn bí ilẹ̀ ti ṣe pàtàkì tó. Nígbà tí ìpakúpa ọdún 1972 lé àwọn ọmọ Bùrúńdì kúrò nílé, ìjọba Ààrẹ Julius Nyerere kó wọn sí ibùdó mẹ́ta nínú igbó ìwọ̀-oòrùn Tanzania: Ulyankulu, Katumba àti Mishamo. Ilẹ̀ tí ìdílé kọ̀ọ̀kan gbà tó nǹkan bíi hẹ́kítà 5, èyí tó ju àádọ́ta ìlọ́po ti Bidi Bidi lọ. Wọ́n gbin àgbàdo, ẹ̀wà, ẹ̀gẹ́ àti tábà, wọ́n ń tà á fún ọmọ onílẹ̀, wọ́n ń san owó orí. Nígbà tó fi máa di àárín àwọn ọdún 1980, UNHCR ti fa àwọn ibùdó náà lé ìjọba lọ́wọ́ nítorí pé àwọn tó wà níbẹ̀ kò tún nílò oúnjẹ ọ̀fẹ́. Ní 2014 ni àwọn tó tó 162,000 nínú wọn àti àwọn ọmọ wọn gba ìwé ẹ̀rí pé ọmọ Tanzania ni wọ́n. Kò sí idán kankan nínú rẹ̀. Ilẹ̀ tó pọ̀, òjò, àti ọdún tó gùn ló ṣe é. Ilẹ̀ tó pọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n ní ọ̀pọ̀ ibi lónìí, ìdí sì nìyẹn tí ètò òde òní kò fi lè dúró lórí oko nìkan.

Níbi tí ilẹ̀ kò bá tó, òwò ni. Ẹ̀rí tó lágbára jù lórí èyí ti Kampala, olú ìlú Ùgáńdà, wá. Àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Oxford wádìí ọ̀rọ̀ ajé ogúnléndé ní Ùgáńdà, wọ́n sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2014. Wọ́n rí i pé ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún ogúnléndé tó wà ní Kampala ló ní òwò tí wọ́n fi gba ó kéré tán ẹnì kan síṣẹ́, àti pé nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n gbà síṣẹ́, 40 jẹ́ ọmọ Ùgáńdà. Àwọn ará Sòmálíà ń ta ọjà ní àdúgbò Kisenyi, àwọn obìnrin Kóńgò ń kiri aṣọ àǹkárá àti ohun ẹ̀ṣọ́. Àwọn tó ń sọ pé ogúnléndé ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀ kò lè fọwọ́ rọ́ irú ẹ̀rí yìí sẹ́yìn. Ní Kakuma pàápàá, níbi tí òfin ti há, ìwádìí tí àjọ IFC ti Báńkì Àgbáyé gbé jáde ní 2018 ka ṣọ́ọ̀bù tó lé ní 2,000 nínú àgọ́, ó sì fojú bu ọjà tí àgọ́ àti ìlú tó yí i ká ń rà lọ́dún sí mílíọ̀nù 56 dọ́là. Ní ilẹ̀ Turkana tó gbẹ táútáú, tí òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀, àgọ́ ti di ọjà tí àwọn darandaran ti ń ta ewúrẹ́ àti èédú wọn.

Irú ọjà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n dá ibùdó Kalobeyei sílẹ̀ nítòsí Kakuma ní 2016, fún ogúnléndé àti ará Turkana lápapọ̀. Dípò tí WFP, àjọ tó ń pèsè oúnjẹ, ì bá fi máa pín àgbàdo àti òróró nìkan, owó oúnjẹ ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ránṣẹ́ sórí fóònù. Ìdílé yóò gba ọ̀dọ̀ alájàpá tó bá wù ú lọ, yóò ra ohun tó bá fẹ́ sè. Owó náà ń ṣe iṣẹ́ méjì: ó ń bọ́ ìdílé, ó sì ń sọ alájàpá di ẹni tó lè ra ọjà lọ́pọ̀ yanturu. Nígbà tí oúnjẹ ọ̀fẹ́ bá ń ti òkè òkun wá, àgbẹ̀ ìtòsí kì í rí ibi tà. Nígbà tí owó bá dé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí ọjà kò bá sí, tàbí tí ọjà bá ń wọ́n sí i lójoojúmọ́, oúnjẹ gan-an ló yẹ kí wọ́n pín. Ìyá tí owó rẹ̀ kò ra oúnjẹ mọ́ kò ní ohun tó máa fi fóònù ṣe.

Kí òwò tó bẹ̀rẹ̀, owó ìdókòwò gbọ́dọ̀ wà, báńkì kì í sì í yá ogúnléndé lówó. Ètò ìfowópamọ́ abúlé ni ọ̀pọ̀ àjọ fi ń dí àlàfo yìí. Orílẹ̀-èdè Niger ni ètò náà ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí àjọ CARE dá a sílẹ̀ láàárín àwọn obìnrin agbègbè Maradi ní 1991. Ènìyàn bí 15 sí 30 yóò kó ara wọn jọ, wọn yóò máa pàdé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, oníkálukú yóò dá iye tí agbára rẹ̀ gbé. Àpótí irin tó ní kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta ni owó ń wà, ọwọ́ ẹni mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kọ́kọ́rọ́ sì ń wà, kí ẹnì kan má baà dá ṣí i. Lójú gbogbo ẹgbẹ́ ni wọ́n ti ń ka owó. Ẹni tó bá fẹ́ yá yóò yá, yóò san án padà pẹ̀lú èlé díẹ̀. Nígbà tó bá tó ọdún kan, wọn yóò pín gbogbo owó àti èrè, wọn yóò sì tún bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Yorùbá yóò rí i pé èyí jọ èsúsú, tí Samuel Johnson ti ṣàlàyé nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tó jáde ní 1921. Ìyàtọ̀ wọn ni pé nínú èsúsú, owó ọ̀sẹ̀ kan ń lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan ní àtòtẹ̀lé, nígbà tí ti Maradi ń kó owó jọ kí ó lè máa yáni. Ní èyí, ó súnmọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ohun tó dára jù nínú rẹ̀ ni pé owó àwọn ènìyàn fúnra wọn ni. Àjọ tó dá wọn lẹ́kọ̀ọ́ lè kó ẹrù rẹ̀ lọ, ẹgbẹ́ náà kò ní tú.

Àwọn kan wà tí òṣì wọn ju èyí lọ, tí wọn kò ní náírà tàbí ṣílè tí wọ́n máa dá. Irú àwọn wọ̀nyí ni BRAC, àjọ kan ní Bangladesh, ro tiwọn nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní 2002 fún ìdílé tó tòṣì jù ní abúlé. Wọn yóò fún ìdílé ní ẹran ọ̀sìn tàbí ọjà, wọn yóò fún un ní owó oúnjẹ fún oṣù mélòó kan kí ebi má baà mú un ta ẹran náà, wọn yóò kọ́ ọ bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀, wọn yóò sọ ọ́ di ẹni tó ń fowó pamọ́, òṣìṣẹ́ kan yóò sì máa yà á wò déédéé fún nǹkan bí ọdún méjì. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé dán irú ètò yìí wò ní Ethiopia, Gánà, Honduras, Íńdíà, Pakistan àti Peru, láàárín ìdílé tó lé ní 10,000. Àbọ̀ tó jáde ní 2015 sọ pé oúnjẹ, dúkìá àti owó tó ń wọlé fún wọn pọ̀ sí i, èrè náà sì ṣì wà lẹ́yìn ọdún kan tí ètò ti parí. Àwọn àjọ ti ń lò ó báyìí fún ogúnléndé náà. Ó náni lówó, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹran nìkan láìsí owó oúnjẹ yóò di ẹran títà, ẹ̀kọ́ nìkan láìsí ẹran yóò di ọ̀rọ̀ ẹnu.

Ewu ńlá kan wà nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ó sì yẹ kí a sọ ọ́ láìfi bò. Àwọn tó ń fi owó ránṣẹ́ lè gba gbólóhùn pé kí ogúnléndé gbọ́ bùkátà ara wọn, kí wọ́n sì fi í ṣe àwíjàre láti fà sẹ́yìn. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Ìpàdé méjì tí wọ́n ṣe ní Geneva ní 1981 àti 1984 lórí ogúnléndé Áfíríkà gbé ìlérí ńlá jáde, pé owó yóò wà fún ọ̀nà, oko àti ilé ìwé ní àwọn orílẹ̀-èdè tó gbà wọ́n. Owó tó dé kò tó ìlérí rárá. Ní Ùgáńdà, ní 2023, nítorí pé owó kò tó, WFP pín ogúnléndé sí ìsọ̀rí mẹ́ta: àwọn tó nílò ìrànwọ́ jù gba ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún oúnjẹ tó yẹ, àwọn tó tẹ̀ lé wọn gba 30, àwọn tí wọ́n kà sí ẹni tó lè dá dúró kò gba nǹkan kan mọ́. Ilẹ̀ 30 sí 30 mítà kò tóbi sí i lọ́dún yẹn. Ètò tó bá gba oúnjẹ kúrò lọ́wọ́ ènìyàn kí irè oko tàbí owó ọjà tó dé kò kọ́ ẹnikẹ́ni láti dá dúró; ebi ló pín.

Ààbò náà kò ṣeé fojú fò, Nàìjíríà sì ní ẹ̀rí tirẹ̀. Ní Borno, láti 2021, ìjọba ìpínlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ti àwọn àgọ́ Maiduguri pa, kí àwọn tí Boko Haram lé kúrò nílé lè padà sí oko. Oko dára, ìdí tí ìjọba fi ṣe é sì yéni. Àmọ́ ní oṣù Kọkànlá 2020, nítòsí Zabarmari, àwọn agbẹ́bọn pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn tó ń kórè ìrẹsì lórí oko. Ẹni tó ń bẹ̀rù láti rìn ju kìlómítà méjì kúrò nílùú kò lè fi ọkọ́ bọ́ ọmọ, bí ilẹ̀ náà ti wù kó lọ́ràá tó.

Ọ̀nà tó fararọ jù wà nínú ohun tí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti ṣe fúnra rẹ̀. Àwọn ọmọ Liberia àti Sierra Leone tí ogun àwọn ọdún 1990 lé dé Nàìjíríà, tí ọ̀pọ̀ wọn gbé àgọ́ Orù ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, rí ọ̀nà àbáyọ gbà nígbà tí ìjọba orílẹ̀-èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ECOWAS tó jẹ́ ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àti UNHCR fọwọ́ sí àdéhùn kan ní 2007. Ẹni tí kò bá fẹ́ padà sílé lè gba ìwé ìrìnnà orílẹ̀-èdè rẹ̀ àti ìwé ìgbélùú ECOWAS, kí ó máa gbé, kí ó sì máa ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà gẹ́gẹ́ bí ọmọ ECOWAS. Ìwé kan péré ni, kò ní ìpín oúnjẹ nínú, ṣùgbọ́n ó sọ ogúnléndé di òṣìṣẹ́ tí òfin mọ̀.

Àwọn ọmọ Cameroon tó ń gbé Cross River, Benue àti Taraba báyìí kò sí nínú ECOWAS, àdéhùn náà kò sì kàn wọ́n. Kí ìjọba àpapọ̀ àti àwọn ìpínlẹ̀ wọ̀nyí fún wọn ní ìwé tí wọ́n lè fi ṣiṣẹ́ níbi gbogbo, kí wọ́n bá àwọn onílẹ̀ kọ àdéhùn oko sílẹ̀, kí wọ́n sì jẹ́ kí oúnjẹ máa wá títí ìkórè àkọ́kọ́ yóò fi wọlé.